‘What’: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa

Ẹ bi ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìtumọ̀ ‘what’, kíá ni yóò dá yín lóhùn pé ‘kí ni’ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ tíṣà tó kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwa tí irun orí wa ti funfun báyìí. Ìdáhùn náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dì í mú bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé ilé ìwé gírámà, tó wá jókòó ti ìwé ìdánwò WAEC tàbí NECO, ìdáhùn yẹn gan-an ni yóò kọ́kọ́ dà á. Iṣẹ́ tí ‘what’ ń ṣe nínú èdè òyìnbó pọ̀ ju èyí tí ‘kí ni’ ń ṣe nínú èdè tiwa lọ. Òmíràn wà níbẹ̀ tí ‘kí ni’ kò lè dáwọ́ lé rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Gbogbo wa la mọ bí kírẹ́díìtì nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe pàtàkì tó fún ọmọ tó bá fẹ́ wọ yunifásítì nílẹ̀ yìí. Owó ìdánwò kì í sì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń ta ẹ̀gẹ́ tàbí ìyá tó ń ta ata. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi, owó mìíràn ni yóò tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ìjọba náà sì ti tún nǹkan yí padà. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń lò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìkéde tó lè yọ Yorùbá kúrò lẹ́nu ọmọ tó ń sọ ọ́ nílé. Yóò gbé e wọ kíláàsì, yóò sì gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni kí a mọ ibi tí èdè méjèèjì ti yà fún ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sọ pé “Ṣadé ra iṣu,” tí ẹnì kan kò gbọ́ ohun tí Ṣadé rà, yóò mú ‘kí’ sí iwájú, yóò fi ‘ni’ tì í lẹ́yìn: “Kí ni Ṣadé rà?” Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun mìíràn tí a ní láti wá. Òyìnbó náà ń gbé ‘what’ tirẹ̀ sí iwájú, ṣùgbọ́n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá ‘do’, ‘does’ tàbí ‘did’ kan sí àárín: “What did Sade buy?”

Ọmọ tó bá mú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní pàtàkì yóò rántí ‘did’ yìí. Síbẹ̀, “What did Sade bought?” ni yóò kọ sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé àná ni wọ́n ra iṣu, àná sì ni ‘bought’. Ohun tí wọn kò sọ fún un ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé nǹkan ti kọjá nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. ‘Did’ ti ru ẹrù náà, ‘buy’ kò gbọdọ̀ tún un rù. Nínú èdè tiwa, ìbáà jẹ́ àná, ìbáà jẹ́ ọ̀la, ‘ra’ kì í di nǹkan mìíràn, ìdí nìyẹn tí ọmọ wa kì í fi í ronú kan irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rárá.

Ibì kan wá wà tí ‘did’ kò gbọdọ̀ yọjú. Ẹ wo ìbéèrè méjì yìí: “Kí ló bu ajá jẹ?” àti “Kí ni ajá bù jẹ?” Ọmọ kékeré tó ń gbọ́ Yorùbá kò ní í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Nínú ti àkọ́kọ́, ajá ni wọ́n ṣe léṣe. Nínú ti èkejì, ajá ló ṣe nǹkan léṣe. ‘Ó’ kékeré tó fara pamọ́ sínú ‘ló’ ló là á yé wa, nítorí ‘kí ni ó’ ló di ‘kí ló’. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ‘ó’ yẹn. ‘Did’ ló fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní òdìkejì: “What bit the dog?” ni ti àkọ́kọ́, “What did the dog bite?” sì ni ti èkejì. Níbi tí àwa ti fi ‘ó’ sí, òyìnbó yọ ‘did’ kúrò. Níbi tí àwa kò ti fi í sí, ó mú ‘did’ wá. Ìdí nìyí tí “Kí ló ṣẹlẹ̀?” fi jẹ́ “What happened?” láìsí ‘did’ níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra díẹ̀ ṣá o: ‘ó’ tó wà nínú “Kí ló fẹ́?” lè jẹ́ èèyàn tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn, “What does he want?” ni, ‘does’ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Èyí tó ń ṣeni ní kàyéfì jù lọ, tí ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò mọ́ níbẹ̀, ni ìgbà tí a bá ń ròyìn ìbéèrè tí ẹnì kan bi wá. Tíṣà bi ọmọ pé, “What is your name?” Ọmọ dé ilé, ó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé tíṣà bi òun pé kí ni orúkọ òun. Ó ní: “The teacher asked me what is my name.” Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tan rédíò, ẹ ó gbọ́ àwọn olóṣèlú tó ń sọ pé “I don’t know what is the problem.” Ẹni tó bá ń máàkì ìwé ìdánwò yóò fi pẹ́ẹ̀nì pupa fa ìlà sí méjèèjì.

Kí ló dé? Lójú òyìnbó, ìbéèrè náà ti kúrò ní ìbéèrè, ó ti di ìròyìn. Gbogbo ohun tí ‘what’ ti tì kúrò ní àyè wọn nígbà tí a ń béèrè gbọ́dọ̀ padà sí àyè wọn nígbà tí a bá ń ròyìn. “The teacher asked me what my name was.” “I don’t know what the problem is.” ‘Do’ àti ‘does’ tí a wá sí àárín tẹ́lẹ̀ yóò bá tiwọn lọ: “What does he want?” yóò di “I don’t know what he wants.” Àmì ìbéèrè ẹ̀yìn gbólóhùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní òfin yìí, wọn a há a sórí, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé inú gbọ̀ngàn ìdánwò. Lójú tiwa, kò yẹ kó ṣòro tó bẹ́ẹ̀, nítorí èdè Yorùbá ti ní òfin náà nínú, a kàn kì í lò ó láti fi kọ́ wọn ni. Ẹ fi etí sí ẹnu ara yín. Bí a bá ń béèrè, a ó ní “Kí ló fẹ́?” Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́? A ó ní “N kò mọ ohun tó fẹ́.” ‘Kí ni’ ti lọ, ‘ohun tí’ ti gba ipò rẹ̀. Níbi gbogbo tí Yorùbá bá ti lè sọ ‘ohun tí’, Gẹ̀ẹ́sì kì í yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn ‘what’. Ohun tó ń kó wa sí wàhálà ni pé a tún lè sọ pé “Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́,” èyí tó gbé ìbéèrè náà wọlé tòun ti ‘kí ni’ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ yí ‘pé kí ni’ sí ‘ohun tí’ nínú ọkàn rẹ̀. Yóò di “Ó bi mí ní ohun tí mo fẹ́,” lẹ́yìn náà ni kó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: “He asked me what I wanted.”

Ẹ gbé ti orúkọ yẹn náà wò. “Ó bi mí ní ohun tí orúkọ mi ń jẹ́.” ‘Ń jẹ́’ ló gbẹ̀yìn nínú ti Yorùbá, ‘was’ ló gbẹ̀yìn nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. “N kò mọ ohun tí ìṣòro náà jẹ́.” ‘Jẹ́’ gbẹ̀yìn, ‘is’ gbẹ̀yìn. Wọ́n bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Tíṣà tó bá fi èyí hàn wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan péré kò ní í fi pàṣán lé ‘indirect question’ mọ́ wọn létí.

‘Ohun tí’ yìí tún wúlò níbòmíràn. Àwọn ọmọ a máa kọ “the thing what I bought” tàbí “everything what he said.” Bí ‘what’ bá ti jẹ́ ‘ohun tí’, a jẹ́ pé ‘ohun’ ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní “the thing what” ń sọ pé “ohun ohun tí mo rà.” Kó mú ọ̀kan: “what I bought” tàbí “the thing that I bought.”

Àwọn kan lè sọ pé kí ni Yorùbá ń wá nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ ká rán wọn létí iṣẹ́ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ṣe, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n wá ya tíṣà sọ́tọ̀ tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n wò wọ́n wò, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ yìí kò rẹ̀yìn sí ti àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe òfin l’Ábùjá ti mọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́nu ọ̀rọ̀ wa. ‘What’ tún máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀ mìíràn: “what colour,” “what day,” “what time.” Níbẹ̀, ‘kí ni’ kò wúlò mọ́. ‘Wo’ ni a ń lò: àwọ̀ wo, ọjọ́ wo. Ti aago ló yàtọ̀, nítorí iye ni Yorùbá ń béèrè. Aago mélòó ló lù? Ìdí nìyẹn tí ọmọdé fi ń sọ pé “How many o’clock?” tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi máa rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín púpọ̀. Yorùbá tó dán mọ́rán ló ń sọ, ẹnu òyìnbó ló fi sọ ọ́. ‘Wo’ yìí kan náà ni a ń lò bí nǹkan bá wà níwájú wa tí a fẹ́ mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó a yí padà sí ‘which’. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aláṣọ tó pàtẹ aṣọ mẹ́ta, “Which do you want?” ni yóò bi yín. Bí kò bá tíì pàtẹ nǹkan kan, “What do you want?” ni.

Ibì kan sì wà tí a fi ju àwọn òyìnbó lọ. “Ọmọ kelòó ni ọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ?” Ẹ wá ẹni tí yóò sọ ìyẹn ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan. Kò sí. Àwọn kan ní “What number child are you?” àwọn mìíràn ní “What is your position in the family?” Gbogbo rẹ̀ ṣáà ń rìn yí ọ̀rọ̀ ‘kelòó’ ká ni.

Ti àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń gbẹ̀yìn náà tún wà. “Kí lò ń wá?” Ọmọ á ní “What are you looking?” Ó ku ‘for’. “Kí lò ń sọ?” lè di “What are you talking about?” ‘about’ kò sì gbọdọ̀ jábọ́. Ẹni tó bá rò pé àjèjì ni èyí jẹ́ sí wa, kó wo ‘fi’ nínú “Kí lo fi gé e?” Ẹ kò lè yọ ‘fi’ kúrò kí ọ̀rọ̀ náà ṣì dúró. Iṣẹ́ kan náà ni ‘with’ ń ṣe nínú “What did you cut it with?” Àárín ni tiwa wà, ẹ̀yìn ni tiwọn wà.

Ẹ̀yin àgbà tí ọmọ yín wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ kan yín báyìí. Ẹni tó bá lọ gba físà láti lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè bá òṣìṣẹ́ kan pàdé tí yóò bi í pé “What do you do?” Bàbá tó bá gbọ́ ọ bíi “Kí lẹ ń ṣe?” lè dáhùn pé òun jókòó ni, òun ń dúró dè é. Kò ṣi Yorùbá gbọ́, nítorí ‘ń’ tiwa ń sọ ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́, ó sì tún ń sọ ohun tí a máa ń ṣe lójoojúmọ́. Òyìnbó ya méjèèjì sọ́tọ̀. “What are you doing?” ni ti ìsinsìnyí. “What do you do?” túmọ̀ sí “Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?” ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju “I am a farmer” tàbí “I am a retired teacher” lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “What does your son do?” A kò sọ pé gírámà ni wọ́n fi ń fún èèyàn ní físà, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí kò bá ìbéèrè mu kì í ran ọ̀rọ̀ ẹni lọ́wọ́ níwájú wọn.

Bí físà bá bọ́ sí i tán, tí ara kò yá, tí wọ́n gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà níbẹ̀, ó lè bi yín pé “What brings you here today?” Ẹ má sọ pé ọkọ̀ ọmọ yín ni o. Àìsàn tó gbé yín wá ló ń béèrè. Bó bá sì ní “What is wrong?” tàbí “What’s the matter?” ẹ má bínú, kò bú yín. “Kí ló ń ṣe ọ́?” tiwa náà ńkọ́? Ohùn tí a fi sọ ọ́ ló ń jẹ́ kó di àánú tàbí èébú.

‘Ńkọ́’ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yìí náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn ọmọ ti há a sórí pé ‘what about’ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ “Èmi ńkọ́?” nígbà tí wọ́n ń pín ẹran: “What about me?” Bó bá jẹ́ “Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?” ó di “What if it rains?” Ṣùgbọ́n ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́nà, tó ní “Bàbá ńkọ́?” àlàáfíà bàbá ló ń béèrè. “How is your father?” ni òyìnbó ń sọ níbẹ̀. Bó bá ní “What about your father?” ẹni tó gbọ́ ọ lè máa wojú rẹ̀ bóyá bàbá náà jẹ gbèsè.

‘What’ tún wà fún ìyanu, níbi tí kò ti béèrè nǹkan kan. “Iṣu yìí mà tóbi o!” “What a big yam!” Ẹ kíyè sí ‘a’ yẹn, àwọn ọmọ a máa gbé e jù sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ iṣu púpọ̀, ‘a’ yóò lọ: “What big yams!” Àmì ìyanu ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀, kì í ṣe àmì ìbéèrè.

Bí àgbà bá pe ọmọ, tí ọmọ sì dáhùn pé “Kí ni?” ẹ mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ìwà àfojúdi náà ti kúrò nínú rẹ̀, wọn a sì fi “What?” dá ìyá wọn lóhùn. Irọ́ ni. Àwọn ìyá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń bá ọmọ wí lórí “What?” yẹn, wọ́n ń kọ́ wọn kí wọ́n máa sọ pé “Pardon?” tàbí “Sorry?” bí wọn kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ní tiwa, “Sà?” tàbí “Mà?” ti tó.

Ẹ fi gbólóhùn yìí dán ọmọ ilé yín wò lálẹ́ òní, kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì: “Bàbá àgbà bi mí pé kí ni mo fi gé iṣu náà.” Bó bá kọ “Grandfather asked me what did I cut the yam,” ẹ ní kó kọ́kọ́ wá ‘ohun tí’ sí ibi tí ‘pé kí ni’ wà, kó sì wá ibi tí yóò fi ‘fi’ sí. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: “Grandfather asked me what I cut the yam with.”